Ká Tó Gé Ẹsẹ̀: Adójútòfò Ìlera àti Ẹsẹ̀ Alátọ̀gbẹ ní Agbègbè Àjùwọ̀n

Kí adé pẹ́ lórí, kí bàtà pẹ́ lẹ́sẹ̀. Ọba là ń ṣe àdúrà yìí fún, àmọ́ lónìí mo fẹ́ ká ṣe é fún gbogbo alátọ̀gbẹ tó ń gbé láàárín wa, láti Àjùwọ̀n dé Akútè, láti Ìfọ̀ títí dé Ìbàfò àti Mówè, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Ohun tí mo bá wá kò lọ́jú pọ̀. Adójútòfò ìlera tí ìjọba ń ṣe gbọ́dọ̀ máa sanwó ìtọ́jú ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀hún ṣì dá ṣáṣá, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹsẹ̀ ti dúdú ni adójútòfò tó yọjú, owó tí ì bá fi gba ẹsẹ̀ là ni yóò fi gé e. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Bí ẹsẹ̀ ṣe ń bàjẹ́

Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ó máa ń pa àwọn iṣan tó ń sọ fún ọpọlọ pé nǹkan ń dun ẹsẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹsẹ̀ á máa ta, á máa jó, á dà bíi pé èèrà ń rìn lára rẹ̀ lóru. Tó bá yá, á kú tipiri. Ṣúgà yìí kan náà ń dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà dé ẹsẹ̀, ó sì ń sọ agbára tí ara fi ń bá kòkòrò àrùn jà di ahẹrẹpẹ. Nígbà tí egbò bá wá dé, onítọ̀hún ò ní mọ̀, ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó wò ó sàn ò ní í dé ibẹ̀ dáadáa, kòkòrò á sì máa wọ inú ẹran lọ sínú eegun.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ìyá kan tó ń tajà lójú ọ̀nà Akútè. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti sọ fún un pé ó ní àtọ̀gbẹ. Ìgbà tó bá rówó ló ń ra oògùn. Sílípáàsì rọ́bà ló ń wọ̀ lọ sọ́jà. Lọ́jọ́ kan, ìṣó kékeré gba ìsàlẹ̀ sílípáàsì náà wọlé, ó sì gún un. Kò mọ̀. Ọjọ́ kejì, ọmọ rẹ̀ ló rí ẹ̀jẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì. Wọ́n fi omi gbígbóná àti iyọ̀ wẹ̀ ẹ́, omi náà bó o, kò tún mọ̀. Wọ́n ra oògùn àdàlù lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, ẹsẹ̀ wú. Wọ́n ní bóyá ó tẹ nǹkan ni, wọ́n wá ewé sí i. Ìgbà tí òórùn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ni ẹnì kan tó sọ pé ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù. Nígbà náà, kò sí ẹni tí kò ní máa wá owó kiri nínú ẹbí.

Kò sí ẹni burúkú nínú ìtàn yìí. Oníkálukú ṣe ohun tí owó ọwọ́ rẹ̀ àti ìmọ̀ rẹ̀ gbà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn àdúgbò tí yóò máa ní kí ìyá yìí bọ́ bàtà lọ́dọọdún kó yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, àti káàdì adójútòfò tó máa sanwó fún un.

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú àrùn ẹ̀tẹ̀ ni ayé ti kọ́ ohun púpọ̀ nípa ewu ẹsẹ̀ tí kì í mọ ìrora. Dókítà Paul Brand, tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà, rí i pé àìmọ ìrora ló ń jẹ́ kí àwọn aláìsàn rẹ̀ máa ṣe ara wọn léṣe títí ìka fi ń bọ́. Nígbà tó kó lọ sí Carville ní Amẹ́ríkà, ìmọ̀ yẹn kan náà ló ran àwọn alátọ̀gbẹ lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí àwọn ètò tó ń tọ́jú ẹ̀tẹ̀, títí kan ti Nàìjíríà, ti ń fún aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kú ní bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀, láìgba kọ́bọ̀. A ti gbà nígbà yẹn pé bàtà jẹ́ oògùn fún ẹsẹ̀ tó kú. Kí ló wá dé tí a kò tíì gbà bẹ́ẹ̀ fún alátọ̀gbẹ?

Ohun tí ìwádìí rí ní Nàìjíríà

Láti oṣù kẹta ọdún 2016 sí oṣù kẹta ọdún 2017, àwọn dókítà wa ṣe ìwádìí kan tí wọ́n pè ní MEDFUN ní ilé ìwòsàn ńlá mẹ́fà káàkiri Nàìjíríà. Alátọ̀gbẹ 336 tí wọ́n dá dúró nítorí egbò ẹsẹ̀ ni wọ́n tọpa ìtọ́jú wọn. Nínú wọn, àwọn 119 ni wọ́n gé ẹsẹ̀ tàbí ìka ẹsẹ̀ fún. Àwọn 69 kú. Àwọn mẹ́wàá kúrò nílé ìwòsàn láìgba àṣẹ dókítà. Nínú ẹni márùn-ún, bí ẹni mẹ́rin ló jẹ́ pé egbò wọn ti jinlẹ̀ wọ inú eegun, tàbí pé ó ti ń kú, kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Mo fẹ́ kí ẹ di ìṣirò kan mú nínú ìwádìí yìí: bí a bá to àwọn aláìsàn náà tẹ̀lé ara wọn, ọjọ́ 39 ni ẹni tó wà láàárín ti fi gbé egbò kiri kó tó dé ilé ìwòsàn. Ó lé ní oṣù kan. Inú oṣù yẹn ni ẹsẹ̀ ti ń sọnù. Ohun tí adójútòfò bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ló bọ́ sí. Bí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá ètò kan ń ṣiṣẹ́ fún alátọ̀gbẹ, ìbéèrè tó yẹ ká bi í nìyí: ọjọ́ mélòó ló gé kúrò nínú ọjọ́ 39?

Ẹ má sì rò pé àrùn ọlọ́rọ̀ ni àtọ̀gbẹ. Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladipo Akinkugbe ṣe alága rẹ̀ gbé ìwádìí jáde ní 1997 lórí àwọn àrùn tí kì í ràn, àgbàlagbà bíi méjì nínú ọgọ́rùn-ún ló ní in. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ kó jọ ní 2018 gbé e sí nǹkan bíi mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Agbègbè wa yìí ń kún lójoojúmọ́, àwọn tó ń kó wá sì ń fi ọ̀pọ̀ wákàtí jókòó nínú ọkọ̀ láàárín ilé àti Èkó, wọ́n ń jẹ ohun tí wọ́n bá rí lójú ọ̀nà. Irú ìgbésí ayé yìí gan-an ni àtọ̀gbẹ fẹ́ràn.

Ibi tí adójútòfò dé dúró

Ọdún 1999 ni òfin adójútòfò ìlera àkọ́kọ́ jáde ní Nàìjíríà, ọdún 2005 ni ètò náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Nígbà tó fi máa di 2018, ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ìdílé fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin, 97 ni kò ní adójútòfò kankan, bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí fún àwọn ọkùnrin. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tuntun tó sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà, tó sì dá àkànṣe owó kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ọ̀pọ̀ nínú yín yóò rántí ètò Araya tó wáyé nígbà ìjọba Gómìnà Ibikunle Amosun. Lónìí, àjọ tí a mọ̀ sí OGSHIA ló ń bójú tó adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ wa.

Òfin ti wà, àjọ ti wà. Ohun tí mo ń béèrè ni kí ni káàdì náà ń san fún. Nínú ìtọ́sọ́nà tí ètò àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba fi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 15 péré nínú ọdún ni adójútòfò fi ń sanwó ibùsùn ilé ìwòsàn nígbà náà, aláìsàn ló sì ń san ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oògùn. Egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ tó ti jinlẹ̀ kì í san láàárín ọjọ́ 15. Ìtọ́sọ́nà náà dárúkọ ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà mọ́ àwọn ohun tó lè san, inú mi sì dùn sí i fún ẹni tó ti pàdánù ẹsẹ̀. Àmọ́ kò dárúkọ bàtà tí kò ní jẹ́ kó pàdánù rẹ̀. Ní Gánà, tí òfin adójútòfò wọn jáde ní 2003, àwọn ohun èlò bí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá wà lára ohun tí ètò náà kì í san rárá.

Ìṣòro kejì ni kóòdù. Ẹni tó bá ti lo adójútòfò rí mọ ohun tí mò ń sọ. Bí ilé ìwòsàn kékeré bá fẹ́ tì ọ́ lọ sí ńlá, wọ́n á ní kí o dúró de kóòdù àṣẹ. Orí fífọ́ lè dúró de kóòdù. Ẹsẹ̀ tí ọyún ti ń rìn nínú rẹ̀ kò lè dúró.

Ibi mẹ́ta tó yẹ ká kọ́gbọ́n lára wọn

Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ìjọba wò ó ní 2010 pé kí àwọn lè dín ìnáwó kù, àwọn á yọ ìtọ́jú àwọn oníṣègùn ẹsẹ̀ kúrò nínú ohun tí adójútòfò àwọn aláìní ń san. Àwọn onímọ̀ ṣírò ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ, wọ́n sì gbé e jáde ní 2014. Dọ́là kan tí ìjọba rò pé òun fi pamọ́, dọ́là 48 ni wọ́n ṣírò pé yóò mú kí òun ná sórí àwọn alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ wọn bàjẹ́ débi pé wọ́n dá wọn dúró sí ilé ìwòsàn. Ẹ wo bí ìfowópamọ́ ṣe di gbèsè.

Ní ìlú Ipswich ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí wọ́n ṣe yàtọ̀. Wọ́n kó dókítà àtọ̀gbẹ, nọ́ọ̀sì, oníṣẹ́ abẹ, oníṣègùn ẹsẹ̀ àti onímọ̀ bàtà jọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo, aláìsàn sì lè tètè dé ọ̀dọ̀ wọn. Láàárín 1995 sí 2005, gígé ẹsẹ̀ láti ojúgun sókè dín kù níbẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí oògùn tuntun kan tó ṣe é. Ìṣètò ló ṣe é.

Bí ẹnì kan bá ní orílẹ̀-èdè olówó nìwọ̀nyí, ẹ jẹ́ ká wo Tanzania. Níbẹ̀, Dókítà Zulfiqarali Abbas àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ dókítà kan àti nọ́ọ̀sì kan pọ̀ láti ilé ìwòsàn káàkiri orílẹ̀-èdè náà, kí wọ́n lè padà lọ dá ìtọ́jú ẹsẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti wá. Ilé ìwòsàn wọn kò dán ju tiwa lọ.

Ọ̀ràn ààlà

Ọ̀ràn kan wà tó jẹ́ ti Àjùwọ̀n gan-an, n kò sì gbọ́dọ̀ fò ó dá. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni Àjùwọ̀n wà, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfọ̀, àmọ́ Èkó ni ọ̀pọ̀ wa ti ń jẹun. Ẹni tó jí láàárọ̀ á gba Ìjú-Ìṣàgá tàbí Òjódù Berger lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí àìsàn bá dé, ilé ìwòsàn ńlá LASUTH ní Ìkẹjà ló sún mọ́ ọn, torí èyí tó wà ní Ṣágámù jìn, èyí tó wà ní Ìdí-Aba ní Abẹ́òkúta náà jìn. Ará Mówè àti Ìbàfò, tí wọ́n wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi Òwòdè, lè gba ọ̀nà márosẹ̀ dé ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù. Ará Ìfọ̀ lè sáré dé Abẹ́òkúta. Ará Àjùwọ̀n ńkọ́?

Èkó ní ètò tirẹ̀, Ìlera Èkó, tó wà fún àwọn tó ń gbé Èkó. Ògùn ní tirẹ̀. Ẹni tó ń gbé lórí ààlà máa ń bọ́ sáàárín méjèèjì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ó ń san owó orí ilẹ̀ ní Ògùn, nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń rà, kò sí èyí tó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Egbò kò mọ ààlà ìpínlẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń pe OGSHIA àti àjọ tó ń bójú tó Ìlera Èkó pé kí wọ́n jọ tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn: káàdì Ògùn á ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Èkó tó wà nítòsí ààlà fún ọ̀ràn egbò ẹsẹ̀ alátọ̀gbẹ, àwọn àjọ méjèèjì á sì máa yanjú owó láàárín ara wọn. Àjọ àpapọ̀ tí òfin 2022 dá sílẹ̀ ló yẹ kó ṣe alárinà.

Ohun tí a fẹ́ kí káàdì máa san fún

Èkíní, kí gbogbo alátọ̀gbẹ ní ẹ̀tọ́ sí àyẹ̀wò ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán, ní ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní wọ́ọ̀dù rẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú, tàbí tó ti ní egbò rí, kí wọ́n máa rí i ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí kó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, tó di mínísítà ìlera ní 1985, lo gbogbo agbára rẹ̀ kí ìtọ́jú ìlera alábọ́dé lè dé ẹsẹ̀kùlé gbogbo wa. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ yìí ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, kí fífọ egbò, dídi egbò, oògùn apakòkòrò, oògùn ṣúgà àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn àdúgbò láìdúró de kóòdù.

Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti kú gba bàtà tó bá a mu lọ́dọọdún. Láti ọdún 1993 ni adójútòfò àwọn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ti ń san fún bàtà kan àti ìtẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ mẹ́ta lọ́dún fún alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ewu. Àwọn ṣobàtà tó mọṣẹ́ wà láàárín wa. Ẹ kọ́ wọn ní ìwọ̀n àti irú ìtẹ́sẹ̀ tó yẹ, kí owó náà sì dúró ságbègbè yìí.

Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n má fi òdiwọ̀n ọjọ́ lé aláìsàn ẹlẹ́gbò ẹsẹ̀ kúrò lórí ibùsùn. Nígbà tí gígé ẹsẹ̀ bá di dandan láti gba ẹ̀mí là, kí adójútòfò san owó iṣẹ́ abẹ náà, ẹsẹ̀ àtọwọ́dá, àti ti ẹni tí yóò kọ́ aláìsàn láti tún rìn.

Níbo ni owó máa ti wá?

Òfin ìlera ọdún 2014 ní kí ìjọba àpapọ̀ yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, ó kéré tán, nínú àpò owó rẹ̀ fún ìtọ́jú ìlera alábọ́dé. Kí apá kan nínú rẹ̀ wà fún ẹsẹ̀. Ní 2022 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba náírà mẹ́wàá lórí lítà kọ̀ọ̀kan ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n fi ṣúgà sí. Owó tí a ń gbà lórí ṣúgà, ibo ló tún yẹ kó lọ ju ìtọ́jú àwọn tí ṣúgà ń pa lára? Gánà gba ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà láti fi ti adójútòfò wọn lẹ́yìn.

Àwa náà ní ipa tiwa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹgbẹ́ ọlọ́jà, ẹgbẹ́ awakọ̀, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì lè forúkọ ọmọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lápapọ̀, kí owó ọdún sì máa jáde díẹ̀díẹ̀ látinú àjọ tí a ti ń dá tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ti ṣàìsàn nìkan bá forúkọ sílẹ̀, àpò náà á gbẹ. Bí ẹni ara dá bá wọlé, àpò á lágbára.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa lónìí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́ yín ní àyẹ̀wò kan tí àwọn dókítà Ipswich ṣàwárí, tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ní kí alátọ̀gbẹ inú ilé yín di ojú. Fi ìka rẹ kan orí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, má tẹ̀ ẹ́. Ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìka àárín àti ìka tó kéré jù, ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìka mẹ́fà ni gbogbo rẹ̀. Kó sọ fún ọ nígbàkigbà tó bá mọ̀ ọ́n lára. Bí ìka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ bá wà tí kò mọ̀, ẹsẹ̀ náà wà nínú ewu, kí ẹ tètè gbé e lọ sọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera.

Kí alátọ̀gbẹ máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lálaalẹ́, pẹ̀lú dígí bí kò bá lè tẹ̀ ba. Kó máa gbọn bàtà rẹ̀ wò kó tó wọ̀ ọ́. Kó má ṣe fi omi gbígbóná rẹ ẹsẹ̀. Kó dáàbò bo ẹsẹ̀ lóru, torí eku máa ń jẹ ẹsẹ̀ tó ti kú láìjẹ́ kí ẹni tó ni ín mọ̀. Dókítà Abbas ti kọ̀wé lórí rẹ̀ láti Tanzania. Mo sì fi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ bẹ ẹ̀yin aṣáájú ìjọ tí ẹ máa ń rìn láìwọ bàtà: ẹ jẹ́ kí alátọ̀gbẹ ní bàtà mímọ́ kan tí yóò yà sọ́tọ̀ fún ilé Ọlọ́run. Ẹ̀yin oníkẹ́míìsì, bí ẹni tó ní ṣúgà bá mú egbò ẹsẹ̀ wá, ẹ má ta oògùn àdàlù fún un, ẹ darí rẹ̀ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Ẹ̀yin tó wà nípò àṣẹ níhìn-ín, ẹ gbé ohun mẹ́rin tí mo ní kí káàdì máa san fún lọ síwájú OGSHIA àti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀yin alága àdúgbò, ẹ fi í sínú ètò ìpàdé yín tó ń bọ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ìdílé tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ ní kí gbogbo alátọ̀gbẹ tó bá wọlé bọ́ bàtà rẹ̀ kó tó lọ. A ti ní òfin tó ní kí gbogbo wa ní adójútòfò. Iṣẹ́ tó kù ni ká rí i pé adójútòfò náà dé ẹsẹ̀ ká tó pe oníṣẹ́ abẹ, mo sì gbà pé agbègbè yìí lè jẹ́ ibi àkọ́kọ́ tí wọ́n á ti ṣe é ní Ìpínlẹ̀ Ògùn.